Georg Ohm: Olùkọ́ tí wọn kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, tí orúkọ rẹ̀ wá di òṣùwọ̀n iná mànàmáná

Bí oníṣẹ́ iná bá fi mítà yẹ wáyà wò, àmì ohm wà lára ohun tó máa ń wò lójú mítà náà. Orúkọ èèyàn ni: Georg Simon Ohm, ọmọ Jámánì.

Ìlú Erlangen ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1789. Alágbẹ̀dẹ àgádágodo ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà kò kàwé púpọ̀, àmọ́ ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Georg wọ fásitì lọ́dún 1805, ṣùgbọ́n ijó àti eré gbà á lọ́kàn ju ìwé lọ. Inú bí bàbá rẹ̀. Georg kúrò níbẹ̀, ó lọ ń ṣe olùkọ́ ní Switzerland, kó tó padà wá gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1811.

Kí ni Ohm rí?

Iléèwé kan ní Cologne ló ti ń kọ́ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lórí wáyà. Agbára bátìrì ayé ìgbà náà kì í dúró sójú kan. Ohm wá so kọ́pà àti bismuth pọ̀, ó ki oríkèé kan bọ omi tó ń hó, ó ki èkejì bọ yìnyín. Iná tó rí níbẹ̀ kò ṣe ségesège mọ́.

Ó wá hàn sí i pé tí a bá fi iye iná tó ń ṣàn pín agbára tó ń tì í, ìdènà wáyà la ó rí. Fi ámpíà 3 pín fóltì 12, ohm 4 ni.

Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni ìdènà ṣe ń pọ̀ tó. Bó bá nípọn, ìdènà á dínkù. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ìdènà wáyà, gígùn rẹ̀ àti bó ṣe nípọn tó, lè ṣírò ìdènà tó jẹ́ ti kọ́pà tàbí irin náà fúnra rẹ̀.

Ọdún mélòó ló fi dúró?

Ọdún 1827 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Jámánì kò kà á sí. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń retí kò bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fi iṣẹ́ Cologne sílẹ̀, nǹkan sì le fún un fún ọdún mélòó kan.

Ìlú London ni iyì ti kọ́kọ́ dé: Royal Society fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún 1841. Ọdún 1852 ló tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ní fásitì Munich. Ó kú ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1854.

Lọ́dún 1881, àwọn onímọ̀ iná ṣèpàdé ní Paris, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìdènà iná. Ó ti pé ọdún 27 tí Ohm ti kú.