Sapara Williams: Lọ́yà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ni-sà fún ìjọba òyìnbó l'Ékòó

Kò sí ẹni tó dìbò yan Christopher Sapara Williams sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ìjọba òyìnbó ló fi í sípò náà lọ́dún 1901, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé torí èyí ni yóò ṣe máa ṣe bẹ́ẹ̀ni-sà fún wọn, onítọ̀hún kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, àmọ́ ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 14, oṣù keje, ọdún 1855. Àbúrò rẹ̀ ni Dókítà Oguntola Sapara tó gbógun ti ṣọ̀pọ̀ná l'Ékòó. Ọdún 1879 ló di agbẹjọ́rò ní Inner Temple, ìlú London, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tó ń jẹ́ Nàìjíríà kò tíì délẹ̀ nígbà yẹn. Lónìí, èrò akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló ń gba Ìyànà-Ìbà lọ sí LASU. Láyé tirẹ̀, àwọn akọ̀wé tí kò ka ìwé òfin rárá wà lára àwọn tó ń bá ará Èkó rojọ́ ní kóòtù.

Nínú ìgbìmọ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù, ohun tí gómìnà bá sì fẹ́ ló ń wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé òfin ọ̀tẹ̀ wá lọ́dún 1909, Sapara Williams kọjú ìjà sí i. Ó ní dídìtẹ̀ sí ìjọba kò sí nínú ìwà Yorùbá. Ẹni tó bá rántí ogun Kírìjì lè fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún kìlọ̀ pé ọ̀gá òyìnbó kan tí kì í gba àríwísí lè dé lọ́la, tí yóò máa rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ará ìlú bá sọ, àti ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìpàdé tí wọ́n bá pè. Wọ́n ṣe òfin náà bẹ́ẹ̀.

Òun náà ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ààlà gúúsù àti àríwá pa, kí gbogbo Yorùbá lè wà lábẹ́ ìṣàkóso kan. Lugard da gúúsù àti àríwá pọ̀ lọ́dún 1914, kò fọwọ́ kan ààlà. Ìlọrin àti Kàbà kò kúrò lápá àríwá.

Sapara Williams kú lóṣù kẹta, ọdún 1915, ó sì ṣì wà nínú ìgbìmọ̀ náà títí dọjọ́ ikú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ju James Bright Davies, olóòtú ìwé ìròyìn Times of Nigeria, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi kàn án.