Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Tó Mọ Ìlù Lù

Ìlú Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀, odò Ẹrinlẹ̀ tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ojú irin tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907 gba ìlú náà kọjá. Àlejò tó bá dé ibẹ̀ a fẹ́ rí ààfin, a sì fẹ́ gbọ́ nípa Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná, jagunjagun tí ìtàn sọ pé Aláàfin rán láti ṣọ́ ọ̀nà, kí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀ṣà má baà da àwọn oníṣòwò láàmú. Ṣùgbọ́n bí òkìkí Ẹdẹ ṣe kàn dé òkèèrè gẹ́gẹ́ bí ilé àṣà, ọwọ́ ọba kan wà níbẹ̀ gidigidi, Onígbàgbọ́ sì ni ọba náà.

Ọdún 1899 ni wọ́n bí John Adétóyèṣe Láoyè. Ọmọ ọba ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni pẹ̀lú. Iṣẹ́ apòògùn ló ń ṣe kí ó tó jọba ní 1946, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí ó fi wàjà ní 1975. Àwọn Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Ẹdẹ, nítorí ẹ̀sìn náà ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ayé Tìmì Abíbù Lágúnjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà kò fi ọdún wọn ṣeré. Gbogbo wọn ni Tìmì Láoyè di bàbá fún.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni ti ìlù. Àwọn ọmọ Àyàn ló ni iṣẹ́ ìlù nílẹ̀ Yorùbá. Ọba ni à ń lù ú fún, ọba kì í gbé e kọ́ èjìká. Láoyè gbé e kọ́. Ìlù rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà fi ń kéde ara rẹ̀. Ní 1959, ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ẹ rántí pé àwọn míṣọ́nnárì ìṣáájú kò fẹ́ ìlù wọ̀nyí rárá: wọ́n rí bàtá mọ́ Ṣàngó, wọ́n rí ìgbìn mọ́ Ọbàtálá, wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ti òrìṣà. Orí dùùrù nìkan ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa dàgbà sí. Kì í ṣe ohun kékeré, nígbà náà, kí ọmọ ìjọ kan máa lu dùndún ní gbangba.

Lásìkò rẹ̀ ni àwọn àlejò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ulli Beier àti Susanne Wenger dé Nàìjíríà ní 1950. Ẹdẹ ni Wenger ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, kí ó tó lọ ṣe iṣẹ́ ńlá rẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Beier náà tẹ ìwé kan jáde ní 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Ẹdẹ.

Nínú ọdún Ọbàtálá ibẹ̀, Olúnwi a mú Ajagẹmọ lẹ́rú lójú agbo, ọba ló sì ń san owó ìràpadà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ọba Onítẹ̀bọmi ni ojúṣe yìí já lé léjìká. Àwọn kan nínú ìjọ lè bínú sí èyí, a kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ìbéèrè tó ṣòro ni fún Kristẹni yòówù tó bá gorí oyè, títí di òní. Lójú tiwa, gbèsè tí oyè jẹ ìlú ni ó rí i sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ọmọ yín ní Redeemer's University tàbí Adeleke University, Ẹdẹ kan náà ni ẹ ń lọ. Ẹ yà ní ààfin. Bí ẹ bá bá àwọn onílù lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.