Samuel Àjàyí Crowther àti Ọ̀ràn Èpè ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ní ìlú Òṣogùn ni a bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Nígbà tí ogun fọ́ ìlú náà ní ọdún 1821, a kó òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́rú, a sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. A tà á títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì gba ìrìbọmi. Ó di àlùfáà ní ọdún 1843.

Ní ọdún 1846 ni òun àti Henry Townsend gòkè wá sí Abẹ́òkúta láti wàásù. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848, Àfàlà náà gba ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hánà.

Ìgbésẹ̀ tí ìyá àgbà yìí gbé kì í ṣe kékeré. Láyé ìgbà náà, bí ẹ̀rù ogun ti ń ba ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù èpè ń bà wọ́n. Wọ́n gbàgbọ́ pé ẹnu àgbà lè ba ayé ẹni jẹ́, pé oṣó àti àjẹ́ ń ṣọṣẹ́ lóru, àti pé ẹbọ àti òǹdè ni ó lè gbani lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tú òǹdè kúrò lára láti di onígbàgbọ́ dà bí jagunjagun tí ó sọ asà rẹ̀ nù lójú ìjà. Ní ọdún 1849, inúnibíni dé. Ní àwọn àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, a mú àwọn onígbàgbọ́, a nà wọ́n, a sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí a nà láìṣẹ̀, kí ni ohun ìjà tí ó kù fún un bí kò ṣe èpè?

Ní ọdún 1850 ni a tẹ Ìwé Róòmù tí Crowther túmọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ jáde nínú àwọn ìwé Bíbélì tí ó túmọ̀. Nínú rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ máa súre fún ẹni tí ń ṣe inúnibíni sí i, kí ó má sì ṣépè. Bí àṣẹ náà ti le tó, èdè abínibí wọn ni ó fi dé etí àwọn tí a nà.

Ṣùgbọ́n èpè wà nínú Bíbélì kan náà, nítorí Sáàmù 109 kún fún ègún lórí ọ̀tá, olóòótọ́ atúmọ̀ kò sì lè yọ ọ́ kúrò. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti Ẹ̀gbá nìkan. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́sìn Kristi kan ní ilẹ̀ Faransé a máa fi irú Sáàmù bẹ́ẹ̀ gégùn-ún fún ẹni tí ó bá gba ilẹ̀ wọn. Títí di ọdún 1736, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba pípa ẹni tí a bá dá lẹ́bi pé ó jẹ́ àjẹ́.

Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ní ọdún 1884 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí odindi Bíbélì ní èdè Yorùbá. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìjọ aládùúrà dìde, tí wọ́n sọ Sáàmù di asà lọ́wọ́ oṣó àti àjẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ ọ́ di idà sí ọ̀tá wọn. Síbẹ̀, ìwé Bíbélì tí ó kọ́kọ́ fi lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ ni ìwé tí ó ní kí wọ́n súre.