Mark Twain àti Ohùn Ẹnu Roxy

Ọdún tí mo wọ ẹ̀ka yìí, bí mo bá ti la ẹnu, ẹ̀rín ni. Ohùn Èkìtì mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìwé Mark Twain kan tí mo yá nítorí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Pudd'nhead Wilson ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1894 ló jáde.

Roxy inú ìwé náà funfun bí òyìnbó. Nínú baba ńlá àti ìyá ńlá rẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ẹnì kan péré ni aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ ẹrú ni lójú òfin Missouri. Ẹni tó bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láìrí i, ẹrú ni yóò pè é. Nígbà tí ẹ̀rù bà á pé wọ́n lè ta ọmọ òun sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ìyà ẹrú ti pọ̀ jù, ó fi ọmọ náà pààrọ̀ ọmọ ọ̀gá tó ń tọ́. Ọmọ ẹrú di ọ̀gá, ọmọ ọ̀gá di ẹrú. Ó lé ní ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Níbo ni òyìnbó tó kọ ọ́ ti mọ èyí? Ilé ẹlẹ́rú ni wọ́n bí i sí. Samuel Clemens ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1835 ni wọ́n bí i ní Florida, abúlé kan ní Missouri (kì í ṣe ìpínlẹ̀ Florida o!). Hannibal, létí odò Mississippi, ló dàgbà sí. Ní oko ọkọ àbúrò ìyá rẹ̀, ẹrú àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Uncle Dan'l a máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé lálẹ́, dúdú àti funfun. Sam a jókòó, a máa gbọ́.

Bàbá rẹ̀ kú ní 1847, ọmọ náà sì lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ó di atukọ̀. Ó gba ìwé-àṣẹ ní 1859. Igbe àwọn tó ń wọn odò ló fi ṣe orúkọ: “mark twain”, ìyẹn ni pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Nígbà tí ogun abẹ́lé dá iṣẹ́ odò dúró ní 1861, ó bá àwọn tó fẹ́ jà fún ìhà Gúúsù, ìhà ẹlẹ́rú, lọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó sá lọ sí Nevada. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Ní 1870 ó fẹ́ Olivia Langdon, ọmọ ìdílé tó kórìíra òwò ẹrú. Ní oko àwọn àna rẹ̀ ní Elmira ló ti pàdé alásè kan, Mary Ann Cord, tí wọ́n ti tà rí, tí wọ́n sì ta àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Twain kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1874 ní ohùn ẹnu obìnrin náà, kò sọ ọ́ di èdè ilé-ìwé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Roxy ti wá. Ó tún san owó oúnjẹ Warner McGuinn, akẹ́kọ̀ọ́ òfin aláwọ̀ dúdú ní Yale.

Ẹ̀rọ ìtòlẹ́tà kan jẹ owó rẹ̀ run, ọdún tí ìwé Roxy jáde gan-an ni gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó yí ayé ká, ó ń sọ̀rọ̀ gbowó. Ní 1896, Susy ọmọ rẹ̀ kú nígbà tí kò sí nílé. Ó san gbèsè náà tán. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1910 ló kú.

Ẹjọ́ kan ni mo ní pẹ̀lú rẹ̀. Ó jẹ́ kí Roxy sọ pé ẹ̀jẹ̀ dúdú ló sọ ọmọ òun di ojo, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́ nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ kejì. Nígbà tí ìtẹ̀ka tú àṣírí, tí wọ́n dá ogún rẹ̀ padà fún un, kò mọ̀wé, ohùn ẹrú ló wà lẹ́nu rẹ̀. Pálọ̀ àwọn òyìnbó ń bà á lẹ́rù, ilé ìdáná nìkan ni ara ti ń tù ú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ìdílé rẹ̀ ń ni ín lára, kò sì lè padà sí ibi tí àwọn ẹrú ń jókòó mọ́.