Egal: Ọkùnrin tó gba òmìnira lẹ́ẹ̀kan, tó tún wá a kiri títí dọjọ́ ikú

Ọjọ́ márùn-ún péré ni Muhammad Haji Ibrahim Egal fi jẹ́ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè tó dá dúró lọ́dún 1960. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹfà, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún Somaliland lómìnira. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje, Egal àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti da ilẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti gúúsù, tó wà lábẹ́ àkóso Ítálì tẹ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè di Sòmálíà kan ṣoṣo. Ìpinnu yìí ló bá a fínra títí ayé rẹ̀ fi parí.

Oodweyne ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928. Oníṣòwò ńlá ni bàbá rẹ̀, ìyà kò jẹ ọmọ náà rárá. Nígbà tó fi lé díẹ̀ lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, òun ni aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Somali National League. Ìṣọ̀kan ló wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà nígbà náà, nítorí pé ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín ilẹ̀ àwọn Sòmálì sí. Ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ inú àsíá wọn fi ní igun márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Mogadishu, ará gúúsù ni ààrẹ, ará gúúsù náà sì ni olórí ìjọba. Mínísítà ètò ààbò ni wọ́n fi Egal ṣe. Lọ́dún 1961, tí wọ́n dìbò lórí ìwé òfin tuntun, ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò ní àríwá ló ní àwọn kò fẹ́ ẹ.

Ọdún 1967 ni Ààrẹ Abdirashid Ali Shermarke sọ Egal di olórí ìjọba, ibẹ̀ sì ni làákàyè rẹ̀ ti hàn jù. Àwọn Sòmálì tó wà ní àríwá Kẹ́ńyà ń jà láti kúrò lábẹ́ ìjọba Jomo Kenyatta, Sòmálíà sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Ti Ethiópíà náà kò tíì tán. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lọ́dún 1964 nítorí Ogaden. Ẹ̀mí ń ṣòfò, owó ń ṣòfò, ààlà kò sì yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Egal ní kí wọ́n jọ jókòó sọ ọ́. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, òun àti Kenyatta pàdé ní Arusha, ní ilẹ̀ Tanzania, Ààrẹ Kenneth Kaunda ti Zambia sì ṣe onílàjà. Wọ́n fẹnu kò pé kí ìjà dáwọ́ dúró. Nílé, àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀ tó ta ilẹ̀ baba wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ sí i, nítorí pé orílẹ̀-èdè tálákà kò lè máa bá aládùúgbò méjì jà pọ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni nǹkan dàrú. Lọ́jọ́ 15, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Ààrẹ Shermarke ní Las Anod nígbà tí Egal wà lókè òkun. Ó sáré padà wálé kí àwọn aṣòfin lè yan ààrẹ tuntun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 21, Ọ̀gágun Siad Barre àti àwọn sójà gbàjọba. Wọ́n ju Egal sẹ́wọ̀n. Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 1975, wọ́n fi í ṣe aṣojú Sòmálíà ní Íńdíà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún tì í mọ́lé títí di 1985.

Ìjọba Barre wó lọ́dún 1991, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù rẹ̀ ti sọ Hargeisa di àlàpà lọ́dún 1988. Lọ́jọ́ 18, oṣù karùn-ún, 1991, Somaliland kéde pé òun ti gba òmìnira òun padà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, àwọn àgbààgbà ìdílé jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Borama, Egal ni wọ́n sì fi jẹ ààrẹ. Ó kó àwọn oníbọn wọ iṣẹ́ ológun, ó fi owó ibodè èbúté Berbera ṣèjọba, ó sì ná owó tuntun lọ́dún 1994. Kò rọrùn o. Ogun abẹ́lé tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, àwọn alátakò rẹ̀ sì ní ó fẹ́ràn ipò jù.

Lọ́dún 2001, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló fara mọ́ òmìnira náà. Síbẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó tíì gba Somaliland wọlé nígbà tí Egal kú sílé ìwòsàn àwọn sójà ní Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́jọ́ kẹta oṣù karùn-ún, 2002. Berbera ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú Hargeisa, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àti àwọn oníbọn jọ jìjà dù lọ́dún 1994, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ.