Gregor Mendel: Àlùfáà Tí Ó Ka Ẹ̀wà Nínú Ọgbà

Ọmọ àgbẹ̀ ni Johann Mendel, tí a bí ní oṣù Keje, ọdún 1822, ní abúlé Heinzendorf, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech Republic lónìí. Ìṣẹ́ dí i lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó yọ̀ǹda nínú owó ìgbéyàwó tirẹ̀ kí ó lè kàwé. Ní ọdún 1843, ó wọ ilé àwọn mọ́ǹkì Augustine Mímọ́ ní ìlú Brno, ó sì gba orúkọ Gregor. Ó di àlùfáà ní ọdún 1847.

Láti ọdún 1856 títí di 1863, ó ń gbin ẹ̀wà pea sínú ọgbà, ó ń da oríṣi kan pọ̀ mọ́ èkejì, ó sì ń ka èso wọn. Nínú kóró 7,324 tí ó kà ní ìran kejì, 5,474 rí róbótó, 1,850 sì hunjọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan gẹ́lẹ́. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1866, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni ó kà á sí. Ó papò dà ní ọjọ́ 6, oṣù Kìíní, ọdún 1884. Ọdún 1900 ni ayé tó mọ iyì rẹ̀.

Ní ọdún 1900 kan náà, Karl Pearson gbé ìdánwò chi-square kalẹ̀, èyí tí ń wọn bí ohun tí a kà ti jìnnà tó sí ohun tí a retí. Kóró 5,493 àti 1,831 ni òfin Mendel retí; ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19 péré. Èsì ìdánwò náà jẹ́ 0.26, ó gbọ́dọ̀ ju 3.84 lọ kí a tó lè kọ òfin náà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1936, Ronald Fisher kó gbogbo iye Mendel jọ, ó sì rí i pé wọ́n bá ìrètí mu jù. Ó fura pé olùrànlọ́wọ́ kan tí ó mọ ohun tí ọ̀gá ń retí ni ó tún iye náà ṣe. Àwọn mìíràn gbèjà àlùfáà náà, pé kóró mìíràn wà tí ó ṣòro láti mọ̀ bóyá ó hunjọ tàbí kò hunjọ. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n tún ẹ̀wà náà gbìn rí mẹ́ta sí ọ̀kan bákan náà.

Ẹ̀yin ará, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òfin Mendel ti kọjá nínú iná ìdánwò. Òun náà ni ó kọ́ wa pé bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ànfààní ọ̀kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó dé iwájú pẹpẹ.