Ferdinand von Mueller àti Ilé Àkójọ Ewé ní Melbourne

Ìlú Rostock ní Jámánì ni wọ́n ti bí Ferdinand von Mueller ní ọdún 1825. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Iṣẹ́ ìpoògùn ni ó kọ́. Ní ọdún 1847 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Kiel, ó sì bá àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì wọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà.

Ní ọdún 1853, ìjọba Victoria, tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi í ṣe onímọ̀ ewéko ìjọba. Ọdún yẹn ni a ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé àkójọ ewé tí ó wà ní Melbourne di òní. Iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí a já ewé tòun ti òdòdó tàbí èso rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ gbẹ láàárín bébà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle, kí a sì kọ ibi tí a ti já a, ọjọ́ tí a já a àti orúkọ ẹni tí ó já a sí i. Èyí tí wọ́n fi kọ́kọ́ sọ ewéko kan lórúkọ ni ẹlẹ́rìí orúkọ náà. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni wọn yóò tú yẹ̀ wò.

Mueller bá Augustus Gregory rìnrìn-àjò lọ sí ìhà àríwá Ọsirélíà ní ọdún 1855 sí 1856. Síbẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ tí ó ga jù ni pé kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Lẹ́tà rẹ̀ ń lọ káàkiri, àwọn obìnrin nìkan tí ó ń já ewé ránṣẹ́ sí i sì lé ní igba. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ràn án lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kì í sábà dárúkọ wọn.

Ó wù ú láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé lórí gbogbo ewéko Ọsirélíà. George Bentham, ẹni tí kò dé ilẹ̀ náà rí, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ní Kew. Mueller gbé ìbànújẹ́ mì, ó ń di ewé rẹ̀ sínú àpótí ránṣẹ́ sí Bentham, ìyẹn náà a sì dá wọn padà. Apá méje ni ìwé náà, Flora Australiensis, tí ó jáde láàárín ọdún 1863 sí 1878. Gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ni orúkọ Mueller fi wà níwájú rẹ̀.

Èyí tí ó dùn ún jù ṣì ń bọ̀. Láti ọdún 1857 ni ó ti ń darí ọgbà ewéko Melbourne. Òdòdó àti ibi ìgbafẹ́ ni ará ìlú ń fẹ́. Ọgbà ẹ̀kọ́ ni òun ṣe fún wọn. (Ẹjọ́ ará ìlú kò kúkú burú tán, owó wọn ni.) Ní ọdún 1873, wọ́n gba ọgbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, William Guilfoyle sì rọ́pò rẹ̀. Ipò onímọ̀ ewéko àti ilé àkójọ nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́. Kò gbéyàwó, ewé ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ tò títí ó fi kú ní ọdún 1896.

Ewé tí ó wà nínú ilé náà ti lé ní mílíọ̀nù kan báyìí. Àwọn olùwádìí a máa wo àkọlé ara àwọn tí Mueller kó jọ láti mọ ibi tí ewéko kan ti hù rí, kí oko tàbí ìlú tó gba ibẹ̀.